Ogún àti Ogun nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀bọ: Ẹ̀kọ́ Kan lórí Ìyàtọ̀ Àjogúnbá fún Olùkọ́ Èdè

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń ka àyọkà kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì SS 2. Àyọkà náà sọ pé amúaradàgbà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ́síjìn kiri inú ara. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀wà àti ẹyin tí a jẹ ni ó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tọ́ sí i. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ ọ pé oúnjẹ tí ó ń mú ara dàgbà ni amúaradàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ni ó tẹ̀ lé, ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé e dé ni ó sì dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. A dé orí ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì sọ pé àwọn SS ni àwọn tí "ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́". Ọmọ kan tí ó jẹ́ SS wà nínú kíláàsì náà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí agogo fi lù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí bí a ṣe lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ láìsọ ọmọ ẹlẹ́ni di ẹni ẹ̀gàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí mo rí ni pé kí a kọ́kọ́ fi ara wa sílẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀bọ inú igbó. Kò sí ẹni tí ojú yóò tì nítorí ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ogún ni ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, àti pé ogun tí àwọn baba ńlá ẹ̀dá bá àìsàn jà wà lára ohun tí ó fi ogún náà sílẹ̀. A ó ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà, a ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí a ń lò fún un wò, a ó sì fi bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì hàn. Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ Haúsá, Ìgbò tàbí èdè mìíràn lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí lórí ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lóye ni ohun tí purotéènì jẹ́ gan-an. Bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn ni ó rí. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ara ń lò jù lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní ásíìdì àmínò. Bí a ṣe tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni ó ń sọ irú purotéènì tí okùn náà yóò jẹ́ àti iṣẹ́ tí yóò ṣe. Jíìnì tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ń pàṣẹ bí a ó ṣe tò wọ́n. Ẹ̀dà méjì ni ọmọ máa ń ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Purotéènì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Haemoglobin ni ó ń gbé ọ́síjìn, òun ni ó sì mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Transferrin ń ru èròjà irin láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara. Òmíràn dúró sí ara sẹ́ẹ̀lì pupa bí ilẹ̀kùn ṣe ń dúró sí ẹnu ọ̀nà. Òmíràn sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa kòkòrò àìsàn.

Okùn mẹ́rin ni ó para pọ̀ di haemoglobin àgbàlagbà: méjì tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 141 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti méjì tí ó ní 146 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú haemoglobin S, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà lórí okùn oní-146 ni ó yí padà. Vernon Ingram ni ó fi èyí hàn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo nínú 146! Olùkọ́ Yorùbá kò ní ṣe kàyéfì púpọ̀ sí i. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni ó wà nínú *ogun* àti *ogún*. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ìjà kúrò lára dúkìá tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Bí a ṣe ń rí ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé purotéènì ọ̀bọ kan yàtọ̀ sí ti ọ̀bọ kejì? Ọ̀nà kan ti wà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń lò títí di òní láti mọ ẹni tí ó jẹ́ AA, AS tàbí SS. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ohun kan tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ti dì, tàbí sórí pépà pàtàkì kan, a ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Iná yóò máa fa àwọn purotéènì náà lọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá ti yí padà, ó ṣeé ṣe kí okùn náà yára tàbí kí ó falẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá kùn ún ní àwọ̀, a ó rí ilà níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹni tí ó jogún irú kan náà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yóò fi ilà kan hàn. Ẹni tí ó jogún irú méjì yóò fi ilà méjì hàn.

Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ọ̀nà yìí hàn pé haemoglobin àwọn tí ó ní àìsàn SS yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ní 1955, Oliver Smithies tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toronto bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáàṣì tí a sè tí ó sì dì, ìyàtọ̀ inú omi ẹ̀jẹ̀ sì túbọ̀ hàn kedere. Ní 1966, Richard Lewontin àti John Hubby lo ọ̀nà yìí fún kòkòrò tí ń bà lé èso, Harry Harris sì lò ó fún ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu: ìyàtọ̀ àjogúnbá pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi gbé ọ̀nà yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ tí ń gbé inú igbó fúnra wọn. Ní 1983, Nicholas Dracopoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìyàtọ̀ inú purotéènì omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀bọ vervet ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ọ̀bọ kékeré olójú dúdú ni vervet, àwọ̀ irun rẹ̀ sì fẹ́ jọ ti ewéko gbígbẹ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí a mọ bí agbo ọ̀bọ kan ṣe bá òmíràn tan. Bí àwọn akọ bá ń ṣí kúrò nínú agbo tí a bí wọn sí lọ sínú òmíràn, ogún inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa bá wọn rìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìyípadà tí kò kan bí iná ṣe ń fa purotéènì lè fara pa mọ́. Bí ẹni ń ka ìwé Yorùbá tí a kò fi àmì ohùn sí ni: a ó rí *ogun*, a kò sì ní mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá mọ bí a ṣe ń ka DNA, èyí tí àṣẹ jíìnì fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a fi àmì ohùn sórí ìwé àtijọ́ náà.

Àwọn ọ̀bọ Amboseli

Ní gúúsù Kẹ́ńyà, ní ìsàlẹ̀ òkè Kílímánjárò, ni pápá Amboseli wà. Ẹ̀yà ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá, tí ó sì máa ń rìn ní ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni ó wà níbẹ̀. Àwọn kan lára wa ń pè é ní ìnàkí, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn mìíràn ń fi orúkọ yìí pe ẹranko mìíràn tí kò ní ìrù, a ó máa pè é ní bàbúùnù. Láti 1971 ni Jeanne Altmann àti Stuart Altmann ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àìdáwọ́dúró lórí wọn, iṣẹ́ náà sì ti gba ìran bàbúùnù púpọ̀ kọjá. Àwọn olùwádìí mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú, wọ́n mọ ìyá tí ó bí i, wọ́n sì mọ agbo tí ó wà.

Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, wọn a ta abẹ́rẹ́ oorun sí bàbúùnù náà. Nígbà tí ó bá sùn, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Bí ó bá jí tán, wọn a jẹ́ kí ó padà sínú agbo rẹ̀.

Ní 2009, Jenny Tung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú àwọn bàbúùnù náà ni ó ní kòkòrò àfòmọ́ kan tí a ń pè ní Hepatocystis. Ìbátan kòkòrò ibà ni, ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré mìíràn tí ń jẹni ni ó ń gbé e kiri, kì í ṣe ẹ̀fọn. Wọ́n yẹ jíìnì kan wò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FY, èyí tí ó ń pàṣẹ fún purotéènì kan tí ó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn bàbúùnù náà ní ẹ̀bá jíìnì yìí, níbi tí àṣẹ lórí bí a ó ṣe lo jíìnì náà tó wà. Àwọn tí ó jogún irú kan kò fi bẹ́ẹ̀ ní kòkòrò náà tó àwọn tí ó jogún irú kejì.

Kí ni èyí kàn wá? Jíìnì FY wà lára ènìyàn náà. Purotéènì rẹ̀, tí a ń pè ní Duffy, ni ilẹ̀kùn tí irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú ibà yìí kò rí àwọn tí kò ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn gbé ṣe. Ní 1995 ni a wá rí ìdí rẹ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú àṣẹ tí ó wà ní ẹ̀bá jíìnì náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ààbò náà kò pé pérépéré, nítorí pé ní ọdún àìpẹ́ yìí a ti rí àwọn díẹ̀ tí kò ní Duffy tí vivax sì mú. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti sọ ìdí tí irú ibà yìí fi ṣọ̀wọ́n láàrin wa.

Ìyípadà ti bàbúùnù àti ti ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bá jíìnì kan náà ni méjèèjì wà, àwọn kòkòrò tí ó bá ara wọn tan ni wọ́n sì kàn.

Aáyá àti Ògúngbẹ̀

Àwọn àgbà ní bí aáyá ṣe gbọ́n ni Ògúngbẹ̀ náà gbọ́n. Bí aáyá ti ń tiro ni Ògúngbẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí mu jù èyí lọ.

Kòkòrò àfòmọ́ kan wà tí ń jẹ́ trypanosome. Eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé e kiri. Ó ń pa màlúù, ṣùgbọ́n oríṣi tí ń pa màlúù jù kò lè pa ènìyàn, nítorí pé purotéènì kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ wa tí ń pa á. Láti 1902 ni Alphonse Laveran ti ṣàkíyèsí pé omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń pa trypanosome. Ní 2003 ni a tó mọ̀ pé purotéènì tí ń jẹ́ APOL1 ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Aáyá ti tiro. Ṣùgbọ́n Ògúngbẹ̀ bẹ̀rẹ̀: oríṣi trypanosome méjì rí ọ̀nà gbà bọ́ lọ́wọ́ APOL1 ènìyàn, ọ̀kan ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Áfíríkà. Àwọn méjèèjì ni ó ń fa àrùn oorun.

APOL1 ti bàbúùnù yàtọ̀ sí tiwa. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009 láti ọ̀dọ̀ Jayne Raper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ lára èyí tí ó yàtọ̀ ni ó mú kí omi ẹ̀jẹ̀ bàbúùnù lè pa oríṣi trypanosome tí tiwa kò lè pa.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí oríṣi APOL1 méjì láàrin àwọn ará Amẹ́ríkà tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Àwọn oríṣi méjì yìí lè pa trypanosome ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún wọn láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá lè tètè ní àìsàn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe. Wọ́n wọ́pọ̀ láàrin àwọn Yorùbá tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ AS rí: láti 1954 ni A. C. Allison ti fi hàn pé ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà líle, ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, wọ́n lè bí SS. Ohun kan náà tí ó gba ìran kan là lè di ẹrù fún ọmọ kan nínú ìran náà. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS bàjẹ́. Àìsàn ni SS, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ogún tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa dàgbà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́

Èkíní ni *amúaradàgbà*. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni fún ẹ̀kọ́ oúnjẹ, kí a fi sílẹ̀ síbẹ̀. Fún ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, *purotéènì* ni mo dábàá, pẹ̀lú àlàyé iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi iṣẹ́ kan ṣoṣo sọ lórúkọ kò lè gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ra.

Èkejì ni *àfòmọ́*. Lóko, ewé tí ó hù sórí igi obì ni. Nínú ẹ̀kọ́ ìlera, kòkòrò tí ń gbé inú ẹ̀dá mìíràn ni. Nínú gírámà, a ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín. Kí a tọ́ka sí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé èrò kan náà ni ó so wọ́n pọ̀: ohun tí kò lè dá dúró láìsí ohun mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni *àbùkù* àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi *ẹ̀jẹ̀ burúkú*. Kí a má lò wọ́n fún ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rárá. *Ìyàtọ̀ àjogúnbá* ni kí a máa pè é, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà *àìsàn* sílẹ̀ fún ohun tí ń dùn ènìyàn lára.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mejì tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta àti òwú ni ohun èlò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Olùkọ́ yóò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a kọ bí wọn yóò ṣe sín ìlẹ̀kẹ̀ 10 sí. Káàdì méjì yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ìyókù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ìyàtọ̀ náà fúnra wọn, kí wọ́n sì sọ bóyá okùn tí ó yàtọ̀ ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí wọ́n ka àyọkà yìí.

"Agbo bàbúùnù kan ń gbé ní Amboseli. Kòkòrò àfòmọ́ kan ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo wọn bákan náà. Àwọn kan jogún ìyàtọ̀ kékeré kan lọ́dọ̀ òbí wọn, kòkòrò náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú. Bí ẹ bá wo ojú wọn, ẹ kò lè mọ ẹni tí ó ní in. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ogún náà wà. Bí kòkòrò náà bá parẹ́ lọ́la, ogún náà lè má wúlò mọ́. Bí òmíràn bá dé, ó lè jẹ́ ogún ẹlòmíràn ni yóò gba agbo náà là."

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìdánrawò.
1. Kí ni àwọn bàbúùnù kan jogún, lọ́dọ̀ ta ni?
2. Kí ló dé tí ó fi dára kí ẹ̀jẹ̀ gbogbo agbo má jọ ara wọn?
3. Fi àmì ohùn tí ó yẹ sórí *ogun* nínú gbólóhùn wọ̀nyí: Bàbá fi ogun sílẹ̀ fún ọmọ. Ogun kó ìlú náà.
4. Ṣe ìtúpalẹ̀ *àjogúnbá*. (Olùkọ́ yóò tọ́ wọn dé à- + jogún + bá, àti *jogún* láti ara *jẹ* àti *ogún*.)
5. Ṣàlàyé bí òwe aáyá àti Ògúngbẹ̀ ṣe bá ọ̀rọ̀ trypanosome mu.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí olùkọ́ tó mẹ́nu ba AA, AS àti SS. Kí ó má sì béèrè irú tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan jẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, ó wọ́gi lé e. Ìlànà lè yí padà, ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ fi ń ronú nípa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá kúrò ní kíláàsì, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ yóò fi bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó lè fẹ́ àti ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí a kó lé e lọ́wọ́ bá jẹ́ *ẹ̀jẹ̀ burúkú*, ohun tí yóò fi sọ fún ọmọ tirẹ̀ náà nìyẹn.

Ọmọ tí ó dákẹ́ ní kíláàsì mi lọ́jọ́sí ti jáde ilé ẹ̀kọ́. N kò lè pe ọ̀rọ̀ tí a sọ lójú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n a lè rí i pé ọmọ tí yóò jókòó sí àyè rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.